Òkúta Inú Ìrẹsì Ìyá Àgbà

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 2 Oṣù Kẹsàn-án, 2025

Eyín Bọ̀ọ̀dá Ọlágòkè kán lónìí. Kì í ṣe gbogbo ẹ̀ – igun kan péré – ṣùgbọ́n bó ṣe lọgun, èèyàn á rò pé àgbọ̀n ìsàlẹ̀ ló já bọ́. Ìrẹsì wa ló ń jẹ. Ó tu òkúta náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó gbé e yí ibùdókọ̀ Mowé ká kí gbogbo ayé lè rí i. "Ìyá Jamilah, ṣé oúnjẹ lẹ tà fún mi ni àbí ẹ fẹ́ kí n lọ fi mọlé?" Jẹnẹrétọ̀ ló ń tún ṣe, ẹnu òun náà ń dún bíi jẹnẹrétọ̀.

Ìyá mi bẹ̀ ẹ́, wọ́n fi ẹran kún tiẹ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a délé, wọn ò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ọ̀gá – inú ìwé yìí nìkan ni mo ti ń pe ìyá mi bẹ́ẹ̀ – ní ojú Ìyá Àgbà ló fà á. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí Ọ̀gá, ló ń bá wa ṣa òkúta kúrò nínú ìrẹsì ọ̀fàdà tí à ń sè tà. Láti ọjọ́ tí ilẹ̀ oko wọn ní Ọ̀fàdà ti di ẹ́sítéètì tí wọ́n sì kó wá sọ́dọ̀ wa, iṣẹ́ wọn nìyẹn. Ojú wọn sì ti ń ṣú.

Ọjọ́bọ̀, 4 Oṣù Kẹsàn-án

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é: lẹ́yìn àsùbáà, wọn kì í ká ẹní ìrun. Etí ẹní náà ni wọ́n máa jókòó sí, wọ́n á na ẹsẹ̀ méjèèjì, wọ́n á gbé àtẹ lé itan. Wọ́n á tẹ́ ìrẹsì pẹrẹsẹ, wọ́n á wá fi ìka kan ya ọ̀nà tẹ́ẹ́rẹ́ sáàárín ẹ̀ – ibẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù – bí ẹni tó ń la ipa ọ̀nà lóko. Òkúta tí wọ́n bá bá níbẹ̀, inú agolo mílíìkì. Tíń. Ẹnu á sì máa mì.

Ẹnu yẹn ni mi ò lè fara dà. Kún-kún-kún. Kún-kún-kún. Àwa ni wọ́n ń kùn sí, mo mọ̀ – pé ẹ̀yìn ń dùn wọ́n, pé iṣẹ́ ò tán, pé oko ti lọ. Mo máa ń yí ohùn rédíò sókè díẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Oṣù Kẹsàn-án

Ó rẹ̀ mí. Àná ni Fúráìdè àkọ́kọ́ inú oṣù, àwọn tó ń lọ gbàdúrà ní Kámpù gba Mowé kọjá bí omi, a tà tán. Kò séyín tó kán. Mo dá ṣa gbogbo ìrẹsì náà lẹ́ẹ̀kejì lẹ́yìn Ìyá Àgbà kí n tó sè é. Ìdáná ni mo ti ṣe é kí wọ́n má baà rí mi. Mo bá òkúta tó pọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lọ ra ìrẹsì ní Ọ̀fàdà. Wọ́n ti gbé ẹ̀rọ tuntun kan wá sí míìlì. Ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú, ìrẹsì ń ṣàn wálẹ̀, òkúta ń gun òkè lọ fúnra ẹ̀. Mo dúró wò ó títí obìnrin tó ni ẹ̀rọ fi bi mí bóyá mo fẹ́ fẹ́ ẹ ni. Mo ki ọwọ́ bọ inú àpò. Tónítóní.

Mo sọ fún Ọ̀gá. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀, mo sọ̀rọ̀ dáadáa lónìí. Ọ̀gá jó. "Ọpọlọ ọmọ mi pé! Ìyá náà á wá sinmi."

Inú mi dùn. Mo kọ ọ́ síbí kí n lè rántí pé inú mi dùn.

Ọjọ́bọ̀, 11 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Àgbà gbé àtẹ sórí itan. Ọ̀gá ní, "Ìyá, ẹ sinmi jàre. Ẹ̀rọ ti bá yín ṣe é." Ìyá Àgbà ki ọwọ́ bọ ìrẹsì náà, wọ́n ń fìka wá a, wọ́n ń wá a.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀?"

"Kò sí, Ìyá."

"Háà. Ọlọ́run ṣeun." Wọ́n wo ọwọ́ wọn. "Kí wá ni kí n máa fi wọ́n ṣe?"

Ọ̀gá ní kí wọ́n máa fi ká tẹ̀súbáà. A rẹ́rìn-ín. Àwọn náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n tiwọn ló kọ́kọ́ tán.

Ọjọ́ Àìkú, 14 Oṣù Kẹsàn-án

Àtẹ òfìfo ni wọ́n gbé sórí itan láàárọ̀ yìí. Wọ́n ń ṣa òfìfo.

Ọjọ́rú, 17 Oṣù Kẹsàn-án

Òjò. Òjò. Ẹnu ọ̀nà wa ti di ọ̀gọ̀dọ̀, bàtà Ọ̀gá kan ti wọ̀ ọ́ lọ. Mo ń gbá yàrá Ìyá Àgbà, mo bá agolo òkúta lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Kì í ṣe ọ̀kan, kì í ṣe méjì. Wọ́n fi ọ̀rá dé wọn lórí, wọ́n so ó, bí ẹni tọ́jú àádùn. Kí lèèyàn ń fi òkúta pa mọ́ fún? Mo kó gbogbo ẹ̀ dà sí ibi tó jìn lẹ́nu ọ̀nà kí ẹsẹ̀ lè rí ibi tẹ̀.

Ó gbẹ díẹ̀. Ọ̀gá yìn mí.

Ọjọ́ Ẹtì, 19 Oṣù Kẹsàn-án

Mi ò mọ bí mo ṣe fẹ́ kọ èyí.

Ìyá Àgbà ní àwọn fẹ́ na ẹsẹ̀ díẹ̀. Wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n dúró. Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n he ọ̀kan. "Ta ló dà á síbí?" Mo ní èmi ni, mà, mo ní nítorí ẹrẹ̀ ni, kí ẹsẹ̀ – wọn ò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Wọn ò bínú. Ìbá sàn ká ní wọ́n bínú. Wọ́n ní:

"Jamilah, látọjọ́ yìí tí mo ti ń kó wọn kúrò lọ́nà yín, o wá kó wọn padà síbẹ̀?"

Kò kọ́kọ́ yé mi. Wọ́n wá ń ṣàlàyé ẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń kọ́ ọmọ ní alífà. Ìyá wọn ló kọ́ wọn, ní Ọ̀fàdà, nígbà tí wọ́n wà lọ́mọdé. Tí wọ́n bá fìka ya ọ̀nà sáàárín ìrẹsì, ọ̀nà ẹnì kan nìyẹn. Òkúta tó bá dúró síbẹ̀, wọ́n á mú un, wọ́n á pe orúkọ ẹni náà. *Mo ṣà ọ́ kúrò lọ́nà Ròkíátù.* Ìyá mi nìyẹn. *Mo ṣà ọ́ kúrò lọ́nà Láwàlì.* Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Líbíyà nìyẹn, tí a ò gbúròó ẹ̀ bó ṣe yẹ. Òkúta tí a bá ti pe orúkọ sí, a kì í dà á síta. "Nítorí ẹlòmíì á fẹsẹ̀ kọ ọ́."

Ìkùnsínú tí mo ń sọ. Orúkọ wa ni.

Rédíò tí mo yí sókè.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 20 Oṣù Kẹsàn-án

Mo lóṣòó sínú ẹrẹ̀ pẹ̀lú asẹ́ láti àárọ̀. Ìyá Dára, aládùúgbò wa, yọjú lójú fèrèsé: "Jamilah, ṣé wúrà ló bọ́ lọ́rùn ẹ ni? Dúró o, jẹ́ n pe ọkọ mi, ká jọ pín in." Mo ní rárá, mà, kì í ṣe wúrà.

Èyí tí mo rí ò kún agolo kan. Ìyókù ti rì. Mo fọ̀ wọ́n, mo sá wọn sórí aṣọ. Ọ̀kan pupa bí epo. Ọ̀kan dúdú, ó ń dán. Ọ̀kan funfun, ó gùn díẹ̀, àfi bí eyín ọmọdé. Láti kékeré ni mo ti ń jẹ ìrẹsì yìí, mi ò wo òkúta ẹ̀ rí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 23 Oṣù Kẹsàn-án

Ìyá Àgbà pè mí ní Ọmọ́níkẹ́ lẹ́ẹ̀mejì lónìí. Ọmọ́níkẹ́ ni àbúrò wọn tó ti kú. Lẹ́yìn oúnjẹ, wọ́n bi Ọ̀gá pé kí lorúkọ ọmọkùnrin yẹn, èyí tó rìnrìn àjò.

"Láwàlì, Ìyá."

"Ẹn-ẹ́n. Láwàlì. Ó ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ ni."

Mo ń rò ó. Àràárọ̀ ni wọ́n ń pè wá níkọ̀ọ̀kan lórí àtẹ, bí hááfíìsì tó ń ka Kùránì sókè kó má baà sá lọ lórí ẹ̀. Èmi ni mo sì mú ẹ̀rọ dé.

Ọjọ́bọ̀, 25 Oṣù Kẹsàn-án

Mo ta ọgbọ́n kan. Mo bu ìrẹsì tó mọ́ sínú abọ́, mo da òkúta tí mo fọ̀ lé e, mo fọwọ́ rò ó pọ̀. Ta ló máa gbọ́ ọ? Ọmọ olónjẹ, ó ń fi òkúta sínú ìrẹsì! Ọ̀gá ti lọ ra ewé. Mo gbé e síwájú Ìyá Àgbà lẹ́yìn àsùbáà, mo ní ẹ̀rọ bàjẹ́.

Ojú wọn là. Ìka ya ọ̀nà. Mo pa rédíò, mo jókòó tì wọ́n.

Ròkíátù. Mùsáfírù, àbúrò Ọ̀gá tó wà ní Ìfọ̀. Láwàlì – ó dé o, kò yọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́! Hàkímù, ọkọ wọn tó ti kú, "ọ̀nà wà níbẹ̀ yẹn náà." Ọlágòkè – mo fẹ́ rẹ́rìn-ín – "Mo ṣà ọ́ kúrò lọ́nà Ọlágòkè, má dé ẹnu ẹ̀ mọ́." Lẹ́yìn náà: "Mo ṣà ọ́ kúrò lọ́nà Jamilah. Ọmọ tí ọ̀rọ̀ ń há sí lọ́fun."

Tíń.

Mi ò mọ bí mo ṣe máa sọ bí yàrá náà ṣe rí. Òórùn ìrẹsì tútù. Oòrùn tó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé dé ẹsẹ̀ wọn. Agolo mílíìkì tó ti dípẹtà létí. Mo bọ́ sílípáàsì ẹsẹ̀ mi, mi ò mọ̀gbà tí mo bọ́ ọ.

Ọjọ́ Ajé, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Àràárọ̀ ni báyìí. Tí wọ́n bá ṣà á tán, mo máa ń da òkúta náà padà sí ti ọjọ́ kejì, mo sì ń gbé abọ́ náà pa mọ́ sẹ́yìn kúlà kí Ọ̀gá má baà rí i.

Lónìí, wọ́n mú funfun yẹn, èyí tó dà bí eyín, wọ́n gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. "Èyí, èmi àti ẹ̀ ti pàdé rí." Wọ́n yí i padà. "Àná ni. Àti ìjẹta." Wọ́n yíjú sí mi, ẹ̀rín ń ti igun ẹnu wọn yọ. "Ẹ̀rọ bàjẹ́, àbí? Ìwọ ọmọ yìí."

Mo kúnlẹ̀ sórí ẹní, mo ní kí wọ́n má bínú. Wọ́n ní kí n dìde. "Wàhálà ò ṣe é ṣà lẹ́ẹ̀kan kéèyàn lọ sùn. Mo kúkú ń ṣe é bọ̀ látijọ́."

Wọ́n wá fi òkúta náà sí mi lọ́wọ́. "Gbogbo yín ni mo ń ṣà fún. Ta ló ń ṣà fún mi? Ó yá, pe orúkọ mi sí i."

Mo ní, "Mo ṣà ọ́ kúrò lọ́nà Ìyá Àgbà."

Wọ́n mi orí. "Ìyá Àgbà kún Mowé fọ́fọ́. Èwo nínú wọn ni kí Ọlọ́run mú? Orúkọ mi ni mo ní."

Àjíbíkẹ́. Mo mọ̀ ọ́n. Mi ò pè é rí. Àwọn fúnra wọn ló nà mí nígbà tí mo wà ní kékeré, lọ́jọ́ tí mo pe aládùúgbò kan lórúkọ ní gbangba. Ó dé ọ̀fun mi, ó dúró. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mà. Lọ́la." Wọ́n gba òkúta náà padà, wọ́n so ó mọ́ etí aṣọ wọn. Wọ́n ní, "Ó dáa. Lọ́la."

Ọjọ́rú, 1 Oṣù Kẹwàá

Mi ò tíì lè pè é. Wọn ò rán mi létí.

Ọjọ́ Ẹtì, 3 Oṣù Kẹwàá

Ó ti bàjẹ́.

Fúráìdè àkọ́kọ́. Èrò Kámpù. Ìrẹsì ń tán, Ọ̀gá fi mí síbi títà, wọ́n sáré lọ sílé lọ se kún un. Wọ́n rí abọ́ ẹ̀yìn kúlà. Wọ́n dà á mọ́ èyí tó wà nínú ìkòkò. Èmi ò mọ̀. Èmi náà ni mo ń bù ú fún wọn.

Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù tu òkúta. Ìyàwó ẹ̀ tu òkúta. Ẹnì kan ní, "Ẹ̀yin ará, ẹ má jẹ ẹ́ o, yẹ̀pẹ̀ ni wọ́n sè!" Wọ́n ń da ewé sílẹ̀ lójú títì. Mo ń retí kí Bọ̀ọ̀dá Ọlágòkè fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Ó kàn rọra gbé tiẹ̀ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó lọ. Ìyẹn ló dun Ọ̀gá jù.

Nílé, Ọ̀gá ní, "Ta ló fi òkúta sínú ìrẹsì tó ti mọ́? Ìyá, ẹ̀yin ni?"

Ìyá Àgbà wò mí. Mo la ẹnu. Kò sóhun tó jáde.

Wọ́n ní, "Ó jọ pé èmi ni, Ròkíátù. Mi ò rántí mọ́."

Mo dúró síbẹ̀. Mo dúró síbẹ̀.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 4 Oṣù Kẹwàá

Ọ̀gá pe Bọ̀ọ̀dá Mùsáfírù ní Ìfọ̀. Mo gbọ́ ọ láti yàrá: "Ìyá ti ń da òkúta sí oúnjẹ. Mi ò lè máa tajà kí n tún máa ṣọ́ wọn." Ọ̀gá ń sunkún. Bọ̀ọ̀dá ní òun ń bọ̀ lọ́la.

Ògiri kan ṣoṣo ló wà láàárín èmi àti Ọ̀gá. Mo lè dìde nísinsìnyí.

Mi ò dìde.

Ọjọ́ Àìkú, 5 Oṣù Kẹwàá

Wọ́n ti gbé Ìyá Àgbà lọ.

Bọ̀ọ̀dá Mùsáfírù ò tíì jókòó tó fi bẹ̀rẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ ti fi ìyá ṣiṣẹ́ tán, ó wá kan èmi." Ọ̀gá ní, "Ìwọ tí o ò yọjú láti Iléyá! Ìwọ náà lo mọ̀ pé o níyàá?" Ariwo gba ilé kan. Ìyá Àgbà ní, "Ẹ má jà. Ṣé èmi ni ẹrù tó wúwo tó báyìí?"

Mo gbé àtẹ wá. Bọ̀ọ̀dá ní kí n gbé e padà, pé ìrẹsì olóyìnbó ni wọ́n ń jẹ nílé òun, kò lókùúta.

Ìyá Àgbà ti wà nínú mọ́tò nígbà tí wọ́n pè mí sí fèrèsé. Wọ́n na ọwọ́ sí mi. Òkúta funfun yẹn ló wà níbẹ̀. "Lọ́la ti dé, àbí kò tíì dé?"

Ojú wọn wà lójú mi. Mo gba òkúta náà. Bọ̀ọ̀dá fọn fèrè mọ́tò. Mo ní – kí ni mo sọ? Mo ní, "Ó dàbọ̀, mà." Ìyẹn ni mo rí sọ.

Ọjọ́bọ̀, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo sọ ọ́ fún Ọ̀gá. Gbogbo ẹ̀: agolo, ẹrẹ̀, abọ́ ẹ̀yìn kúlà, orúkọ. Wọ́n ń ká ewé lọ́wọ́, wọ́n dá a dúró. Mo ń retí ìgbájú. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ẹnu ẹ dà lọ́jọ́ yẹn, Jamilah?" Wọ́n tún ní: "Ìyá ń ṣà á fún mi náà?" Mo ní orúkọ Ọ̀gá ni Ìyá Àgbà máa ń kọ́kọ́ pè. Ọ̀gá wọ yàrá, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

Wọ́n pe Bọ̀ọ̀dá pé kó dá Ìyá padà. Bọ̀ọ̀dá ní ìyá òun kì í ṣe bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 21 Oṣù Kẹwàá

Mo pe Ìyá Àgbà ní Ìfọ̀. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá gbé fóònù sí wọn létí. Mo kí wọn, mo kí wọn. Èémí nìkan ni mo ń gbọ́. Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá ní wọn kì í sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn máa ń ṣa òwú ara aṣọ wọn lójoojúmọ́.

Ọjọ́ Àìkú, 2 Oṣù Kọkànlá

Mo lọ sí Ìfọ̀. Ọ̀gá fún mi ní ẹran dídín pé kí n gbé e fún Bọ̀ọ̀dá, kí ojú ẹ̀ lè rọ̀. Mo gbé àtẹ, agolo, ìrẹsì ọ̀fàdà tí ẹ̀rọ ò tíì kàn. Òkúta funfun wà nínú pọ́ọ̀sì mi.

Ẹ̀yìn ilé ni Ìyá Àgbà wà, lórí àga oníke. Wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú ilé, mà."

Wọ́n ní, "Ẹ káàbọ̀."

Wọn ò fi *ẹ* dá mi lóhùn rí.

Mo gbé àtẹ lé wọn lórí itan, mo tẹ́ ìrẹsì sí i. Ọwọ́ wọn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kò mira. Mo dúró títí. Mo wá gbé e kúrò, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú wọn, mo na ẹsẹ̀ méjèèjì bí wọ́n ṣe máa ń nà á. Mo fi òkúta funfun náà sáàárín ìrẹsì. Mo fìka ya ọ̀nà lọ bá a. Mo mú un.

"Mo ṣà ọ́ kúrò lọ́nà Àjíbíkẹ́."

Ìyàwó Bọ̀ọ̀dá, tó ń fọṣọ, gbójú sókè. Mo ṣa òmíràn. "Mo ṣà ọ́ kúrò lọ́nà Àjíbíkẹ́." Òmíràn. Orúkọ náà ò wúwo. Kò wúwo rárá. Mo ń ṣà á, mo ń pè é, agolo ń dún, omi ojú mi ń ro sórí ìrẹsì.

Ìgbà tó ṣe, wọ́n tẹ̀ síwájú lórí àga. "Ṣé ẹ mọ̀ mí ni?"

Mo ní, "Mo mọ̀ yín, mà."

"Ẹn-ẹ́n." Wọ́n ń wo ọwọ́ mi. "Ẹ ṣeun." Lẹ́yìn náà, wọ́n na ìka kan sí etí àtẹ. "Ẹ wo ibẹ̀ yẹn dáadáa. Ọ̀kan ṣì kù."

Mo wò ó. Òótọ́ ni. Ọ̀kan kù.